Ó Fi Orúkọ Ara Rẹ̀ Pamọ́ De Ewì

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí nípa Frederick Faust, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ìtàn káúbọ́ì, ọwọ́ mi ni ò dilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe á ti mọ ìdí ẹ̀, torí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òkú ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ má jáyà o, mi ò kì í gbẹ́ sàréè. Ìwé ìsìnkú ni mo máa ń kọ, ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, tí fọ́tò olóògbé máa wà níwájú ẹ̀ tòun ti gèlè tàbí fìlà, tí ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀ máa wà nínú, kí tríbúùtì ìyàwó, tríbúùtì ọmọ, tríbúùtì ọmọ-ọmọ àti ti ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wá máa tẹ̀ lé ara wọn. Ìyàwó kọ́ ló kọ ọ́. Ọmọ kọ́. Èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, lórí kọ̀ǹpútà kan tí lẹ́tà E ti parẹ́ lára kíbọ́ọ̀dù ẹ̀.

Láàárọ̀ mo lè jẹ́ opó, lọ́sàn-án mo ti di àbúrò tó wà ní London tí ò ráàyè wálé, kó tó di aago mẹ́rin mo ti di ọmọ-ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń sọ pé "Grandma, ta ló máa fún mi ní pùpùrù mọ́?" Wọ́n á sanwó, èmi náà á lọ jẹun. Orúkọ mi ò sí níbì kankan nínú ẹ̀, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewì ni mo fẹ́ máa kọ láyé mi o. Ewì Yorùbá. Mo ti tẹ ọ̀kan jáde rí, owó mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, orúkọ mi ló wà níwájú ẹ̀ gàdàgbà, ẹ̀dà 300. Ẹ̀dà tó kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mi ò ní ka iye ẹ̀ fún yín.

Ibi tọ́rọ̀ ọkùnrin yìí ti kàn mí nìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ ní Dùgbẹ̀ ni mo ti pàdé ẹ̀, òjò ló lé mi wọ abẹ́ táńpólì wọn, mi ò sì lè kàn dúró lásán síwájú ọjà olọ́jà, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé. Ìwé káúbọ́ì kan ni mo fà yọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, ojú ewé ẹ̀ ti pọ́n bí epo. Nítorí bàbá mi ni mo ṣe rà á. Bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa Amẹ́ríkà ju káúbọ́ì lọ, tí fíìmù káúbọ́ì bá wà lórí tẹlifíṣọ̀n ilé onílé tí a ti máa ń lọ wò ó, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa dákẹ́, tí ẹṣin bá ṣubú wọ́n á ní "yé è!" bíi pé ẹṣin àbúrò wọn ni.

Orúkọ tó wà níwájú ìwé náà ni Max Brand. Ìtàn ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Destry ni, wọ́n purọ́ mọ́ ọn pé ó ja ọkọ̀ ojú irin lólè, àwọn èèyàn 12 tó jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ní kóòtù dá a lẹ́bi, ó lọ sẹ́wọ̀n, ó dé, ló bá ń gbọ̀n bí ẹni tẹ́wọ̀n ti já agbára gbà lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo ìlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Irọ́ ni. Ó ń tàn wọ́n ni. Àwọn 12 yẹn ló bá wá, ó wá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sì ja ọkọ̀ náà gan-an, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó fẹ́ràn jù lọ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn lálẹ́ ọjọ́ Friday, NEPA mú iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kà á tán.

Ìgbà tí mo wá lọ wá ọkùnrin yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo rí i pé kò séèyàn kankan tó ń jẹ́ Max Brand. Kò fìgbà kankan sí.

Frederick Faust lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n bí i ní Seattle ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1892, ìyá ẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, bàbá ẹ̀ náà tẹ̀ lé e, kó tó pọmọ ọdún 14 ó ti di ọmọ òrukàn. California ló dàgbà sí, ní àfonífojì San Joaquin, ọwọ́ mọ̀lẹ́bí kan sọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí mìíràn, oko olóko ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń kó koríko, ó ń da màlúù. Nítorí náà ẹ má rò pé kò mọ ẹṣin o, ó mọ ẹṣin, ó mọ eruku, ó mọ bí ẹ̀yìn ṣe máa ń ro èèyàn lẹ́yìn ọjọ́ kan lóko. Àmọ́ kì í ṣe ẹṣin ló wà lórí ẹ̀. Ìwé ni. Ìtàn Ọba Arthur àtàwọn jagunjagun ẹ̀, ìtàn àwọn Gíríìkì, Shakespeare. Ọmọ tí ò ní ilé, ó fi ìwé ṣe ilé. Ẹ̀ka kan wà nínú ayé ọkùnrin yìí tí mo máa ń rò pé mo mọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ fún mi, ẹ̀ka yẹn nìyí.

Ó lọ yunifásítì ní Berkeley, ewì ló ń kọ níbẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú gbogbo ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń fi gègé gún àwọn aláṣẹ ilé ìwé lára. Nígbà tó tó àkókò láti gba oyè ní 1915, wọn ò fún un. Ó fẹ́ lọ jagun ní Yúróòpù, ó gba Canada lọ dara pọ̀ mọ́ ọmọ ogun, kò débẹ̀, New York ló bá ara ẹ̀ láìní kọ́bọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ogun yẹn sọ́kàn, torí ó ṣì ń bọ̀.

Ní New York ló ti pàdé ẹ́dítọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Davis, ní ilé iṣẹ́ Munsey, àwọn tó ń tẹ All-Story Weekly. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa ọjọ́ yẹn, pé Davis kàn sọ eegun ìtàn kan fún un, ó ní kó lọ gbìyànjú, ó fi yàrá kan tó ní tàípúráítà hàn án, kílẹ̀ tó ṣú ọmọkùnrin ti padà dé, ìtàn ti pé lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1917 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iṣẹ́ ẹ̀. Ogun Jámánì sì wà nílẹ̀ nígbà yẹn, orúkọ tó bá ti jọ ti Jámánì, àwọn èèyàn ò fẹ́ gbọ́ ọ ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni Faust di Max Brand.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ìtàn Faust ti àwọn Jámánì, ẹni tó ta ọkàn ara ẹ̀ fún èṣù nítorí ìmọ̀ àti afẹ́, mo mọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ọjà tó ń tà, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Kò sí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Tí òṣìṣẹ́ fákítìrì bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá ní sẹ́ǹtì 10 tàbí 15 lápò, mágásìnì ìtàn ló máa rà. Bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́ bébà tí ò níye lórí, igi lílọ̀ tí wọn ò rò dáadáa, kò ní pẹ́ pọ́n, kò ní pẹ́ máa rún. Pulp ni wọ́n ń pe igi lílọ̀ yẹn, òun náà ni wọ́n fi ń pe mágásìnì, òun ni wọ́n sì fi ń pe àwọn tó ń kọ ọ́. Ẹ gbọ́ ná, orúkọ bébà ni wọ́n fi ń pe èèyàn! Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe alásè ní ewé ẹ̀kọ.

Owó iṣẹ́ wọn, iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń san án. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ bí ẹni ka ẹ̀pà. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń gba sẹ́ǹtì kan lórí ọ̀rọ̀ kan, òmíràn ò tó bẹ́ẹ̀. Faust gbà tó sẹ́ǹtì márùn-ún nígbà tí ọjà ẹ̀ yá. Ojú ewé ni wọ́n fi ń sanwó tèmi, mo sì ti mọ̀ pé tí mo bá sọ fọ́ǹtì di 14 ojú ewé á gùn sí i. Ẹ má sọ fún ọ̀gá mi.

Láti nǹkan bí 1920 ló ti ń kọ fún Western Story Magazine ti ilé iṣẹ́ Street & Smith, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mágásìnì yẹn ń jáde, kò sì mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sígbà òjò, ó kàn ń gbé ìtàn mì ni. Faust ń kọ jù. Ìtàn ẹ̀ méjì, mẹ́ta, lè wà nínú ẹ̀dà kan ṣoṣo, wọn ò sì lè kọ Max Brand sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òǹkàwé á ní ṣé kò sẹ́lòmíràn lọ́dọ̀ yín ni. Bẹ́ẹ̀ ni George Owen Baxter ṣe wáyé. Bẹ́ẹ̀ ni David Manning, John Frederick, Peter Henry Morland, Evan Evans, George Challis, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 orúkọ. Àwọn kan wà tó fẹ́ràn Baxter tí wọn ò fẹ́ràn Brand. Bí eégún tó wọlé pààrọ̀ ẹ̀kú tó sì tún gba ẹnu ọ̀nà kejì yọ, táwọn ọmọdé tún sáré, ìyá wọn náà tún kúnlẹ̀. (Ará ọ̀run ni eégún o, mi ò sọ pé èèyàn kankan wà nínú ẹ̀, ẹ má kó bá mi.)

Gbogbo nǹkan tó kọ láyé ẹ̀, àwọn tó ṣírò ẹ̀ sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 25 ọ̀rọ̀. Mo jókòó ṣírò ti èmi náà. Ìwé ìsìnkú kan máa ń gbà tó 3,000 ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Kí n tó lè bá Faust dọ́gba, àwọn èèyàn tó lé ní 8,000 máa ní láti kú, kí gbogbo ẹbí wọn sì wá sí Mọ́kọ́lá.

Nǹkan tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé. Gbogbo orúkọ tó kù yẹn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Frederick Faust gan-an, orúkọ tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó ká a pa mọ́ bí aṣọ òkè inú àpótí, ewì nìkan ló ń wọ̀ ọ́ fún. Ó tẹ ìwé ewì kan jáde ní 1922 pẹ̀lú orúkọ yẹn, The Village Street and Other Poems. Ní 1931 ó tún tẹ òmíràn ní Oxford, Dionysus in Hades, ewì gígùn lórí ọ̀rọ̀ àwọn òrìṣà Gíríìkì. Méjì péré. Wọn ò tà. Wọn ò tilẹ̀ bú u, kò sẹ́ni tó rí tiẹ̀ rò.

Láti 1926 ó ti kó ìyàwó ẹ̀ Dorothy àtàwọn ọmọ lọ sí Ítálì, wọ́n ń gbé ilé ńlá kan ní Florence, igi ólífì ló yí wọn ká, ìránṣẹ́ wà, àlejò ò dín. Ibẹ̀ lọkùnrin yìí ti ń kọ̀tàn aṣálẹ̀ Arizona! Láàárọ̀, tí orí ṣì tutù, ewì ni, ọwọ́ ló fi ń kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, ìlà kan lè gbà á láàárọ̀ odindi. Tó bá dọ̀sán, á wá lọ jókòó ti tàípúráítà, káúbọ́ì dé nìyẹn, ìbọn ti ń dún, ẹṣin ti ń sá, ojú ewé ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ọ̀sán ló ń bọ́ òwúrọ̀. Gbèsè sì ń tẹ̀ lé e bí òjìji, owó tí ò tíì kọ̀tàn ẹ̀ ló ti máa ń ná tán, Carl Brandt tó ń bá a ta iṣẹ́ ẹ̀ ní New York ló ń yá a. Ọkàn ẹ̀ pàápàá ò dáa, láti 1921 ló ti ń lù ségesège nínú àyà ẹ̀, dókítà ní kó rọra, ọtí ló fi ń rọra.

Mo ti ka díẹ̀ nínú àwọn ewì yẹn. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, àmọ́ ẹni tó ń bára ẹ̀ sòótọ́ ò ní sọ pé wọ́n dùn. Wọ́n rí bí agbádá tí wọ́n lọ stáàṣì sí jù, ó dúró dáadáa lórí ìgbékọ́, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ò lè tẹ apá. Gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ ló ti ń jáde láti inú ìwé ẹlòmíràn. Lásìkò yẹn gan-an sì ni ewì èdè Gẹ̀ẹ́sì ń yí padà, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń tún un tò, òun ṣì ń kọ bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ò tíì kọjá.

Ẹ wá wo nǹkan tó ń kọ lọ́sàn-án.

Ìwé káúbọ́ì ẹ̀ tó kọ́kọ́ dún ni The Untamed, ó jáde nínú mágásìnì láti ìparí 1918 wọ 1919. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dan Barry, wọ́n bá a nínú aṣálẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń rìn lọ lóun nìkan, ó ń súfèé. Ó dàgbà tán, ohùn jẹ́jẹ́, ojú bí ti ọmọbìnrin, ẹṣin dúdú kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè gùn àfi òun, Satan lorúkọ ẹ̀, ajá kan tó jẹ́ pé ìkookò ni wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, Black Bart. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lọ ni. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan gbá a lẹ́nu tó tọ́ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ wò, ojú ẹ̀ di yẹ́lò bí ti ẹranko, láti ọjọ́ náà ọ̀rọ̀ ò tún rí bákan náà mọ́. Orí kìn-ínní ìwé yẹn, ó fi Pan sínú àkọlé ẹ̀, Pan òrìṣà Gíríìkì tó lẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ tó ń fọn fèrè nínú igbó. Sínú ìwé káúbọ́ì! Ìwé sẹ́ǹtì mẹ́wàá!

Ìparí ẹ̀ wá ni nǹkan. Ọmọbìnrin kan wà, Kate, tó fẹ́ràn Dan látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, gbogbo ìjà ti tán, ó yẹ kí wọ́n kàn ṣègbéyàwó. Ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó bá ń kọjá lójú sánmà lóru, wọ́n ń ké lọ sí gúúsù, Dan gbọ́ wọn, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó gun ẹṣin, ó tẹ̀ lé wọn. Kate mọ̀, kò dá a dúró. Ìwé tán.

Mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀, mo jáde síta lọ mí afẹ́fẹ́. Èèyàn tó kọ ọ́ rò pé owó oúnjẹ lòún ń wá o. Ó kọ ìtàn náà lọ sínú ìwé mẹ́ta sí i, nínú ìkejì wọn, The Seventh Man, Kate náà ló padà yìnbọn fún Dan, nítorí ọmọ tí wọ́n bí, torí ọmọ náà ti ń bá bàbá ẹ̀ lọ sínú igbó, kò fẹ́ kó sọnù síbẹ̀. Ta ló ń kọ irú ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ fákítìrì tó kàn fẹ́ gbọ́ ìró ìbọn kó tó sùn? Gbogbo àwọn Gíríìkì tó ń kó lọ́wọ́ rìn látìgbà èwe ẹ̀, tó ń fi ipá rọ́ sínú ewì àárọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà lọ́sàn-án, wọ́n gun ẹṣin, wọ́n dé fìlà káúbọ́ì. Kódà ìwé ẹ̀ kan wà, Hired Guns, tó jẹ́ pé ogun Troy inú ìtàn àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló mú, ó gbé e lọ sáàárín àwọn ìlú kékeré orí òkè, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó ń kà á.

Tom Mix, káúbọ́ì tó lókìkí jù nínú sinimá ìgbà yẹn, ló ṣe Dan Barry ní 1920, òun náà ló tún ṣe Destry ní 1932. Ní 1939 wọ́n tún fi orúkọ ìwé Destry ṣe fíìmù mìíràn, James Stewart àti Marlene Dietrich ló wà nínú ẹ̀, ìtàn inú ẹ̀ ò jọ ti inú ìwé rárá, Destry tibẹ̀ ò tilẹ̀ fẹ́ mú ìbọn dání. Fíìmù tó dáa ni. Wọ́n kàn yá àkọlé ìwé lò ni.

Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú bolẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, àwọn mágásìnì gé owó, Faust wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn dókítà ọ̀dọ́ kan ní New York, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ dókítà ló wò kọ ọ́. Dókítà Kildare nìyẹn, fíìmù lóríṣiríṣi, nígbà tó yá tẹlifíṣọ̀n. Hollywood gbà á síṣẹ́, owó ọ̀sẹ̀ wọlé. Mi ò ní pẹ́ níbi Hollywood, òun náà ò gbádùn ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ogun yẹn ló kù.

Ní 1944, ọmọ ọdún 51 ni, ọkàn ẹ̀ ń ṣe ségesège nínú àyà, àwọn ọmọ ẹ̀ ti dàgbà, ó lówó díẹ̀, kò sẹ́ni tó retí ẹ̀ lójú ogun. Ó bẹ̀bẹ̀ títí Harper's Magazine fi gbà pé kó lọ máa kọ ìròyìn ogun fún wọn. Ibi tí wọ́n sì gbé e lọ, Ítálì ni, ilẹ̀ tó ti gbé láàárín igi ólífì. Ó ń bá àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kiri, àwọn ọmọdékùnrin tí ò tíì rógun rí, wọ́n ń pè é ní bàbá, ó ga ju gbogbo wọn lọ. Ohun tí mo kà ni pé àwọn kan nínú wọn ti ka àwọn ìwé Max Brand látìgbà tí wọ́n wà nílé, ẹ wo bó ṣe máa rí, kẹ́ ẹ wà nínú kòtò lóru kẹ́ ẹ wá mọ̀ pé ẹni tó jókòó tì yín ló ni ẹṣin Satan.

Lóru ọjọ́ 11 mọ́ ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ ogun yẹn kọlu abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Santa Maria Infante. Ó bá wọn gòkè. Àfọ́kù bọ́ǹbù bà á, ibẹ̀ ló kú sí. Ó ku ọjọ́ 17 kó pé ọmọ ọdún 52. Nettuno ni wọ́n sin ín sí, ní ìtẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà.

Max Brand ò kú ní tiẹ̀. Àwọn ìtàn inú mágásìnì pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Faust ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ṣì ń kó wọn jọ, tí wọ́n ń tẹ̀ wọ́n bí ìwé tuntun, irú èyí tí mo rà ní Dùgbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ èyí o, ìwé àfọwọ́kọ ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀, ewì ẹ̀, Berkeley ló wà, nínú láíbìrì Bancroft. Yunifásítì tí ò fún un lóyè.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ara mi kí n tó lọ ṣiṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, bàbá ẹ̀ kú, tíṣà ni bàbá náà nígbà ayé ẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí tí mo máa ń fún àwọn kọ́sítọ́mà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ fún mi, kò rí nǹkan sọ, gbogbo nǹkan tó ń sọ ni "wọ́n dáa, bọ̀ọ̀dá, wọ́n dáa gan-an ni". Èyí tó dáa ò ṣeé kọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ ronú. Tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń gbọ́?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ wọn."

Bàbá tèmi náà gun kẹ̀kẹ́. Ìlà kan wà nínú ìwé ewì mi yẹn, ní ojú ewé 11, nínú ewì tí mo kọ fún wọn, ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: *aago kẹ̀kẹ́ yín la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.* Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ sínú tríbúùtì obìnrin yẹn. Irọ́ ni, mo mọ̀. Ó ti sú mi ni, aago mẹ́fà ti lù, ìlà náà wà nílẹ̀, ó bá a mu, mo fi sí i, mo ní ta ló ka ìwé mi ná tó máa mọ̀.

Mo lọ síbi ìsìnkú náà torí wọn ò tíì san ìdajì owó mi. Ọmọbìnrin náà dìde kà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó débi aago kẹ̀kẹ́ ohùn ẹ̀ já, ìyá wọn ṣí gèlè bojú, àwọn bàbá tíṣà tó jókòó sọ́tùn-ún, àwọn bàbá líle tí wọ́n ti na gbogbo ọmọ Ìbàdàn lẹ́gba, wọ́n ń nu ojú. Èmi náà ń sunkún lẹ́yìn, ọkùnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé ẹbí ni mí, mo ní rárá, mo wá gbowó ni. Ó wò mí títí. (Wọ́n san án, àmọ́ ó gbà tó oṣù mẹ́rin.)

Oṣù tó kọjá ló tún wá, nítorí ìrántí ọdún kan. Wọ́n ti kọ́ sàréè náà, ó fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Máàbù dúdú, orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, nísàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ìlà mi sí pẹ̀lú ọ̀dà góòlù. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ nípa wọn nìyẹn, ẹ rántí?"

Mo ní mo rántí. Mo gba fóònù náà, mo fi ìka méjì fà á tóbi kí n lè rí i dáadáa. Wọn ò fi àmì kankan sí i, kò sóókè kò sísàlẹ̀, *ago keke yin la fi n mo pe ile ti su*, wọ́n sì ti jẹ lẹ́tà A kan nínú aago.

"Ó dáa gan-an ni, Àǹtí," mo ní. Mo dá fóònù padà, mo bi í pé ojú ewé mélòó lẹ fẹ́ báyìí.